Ìyá ìyàwó mi ní ọmọ wa ò ní jẹ́ Keren-Happuch o, ẹ gbà mí

Bàbá_Jemimah · Ajé, 7:42 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì. Ìyàwó mi bímọ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, obìnrin làǹtìlanti, tìyátọmọ wà láàyè, a dúpẹ́. Ọmọ wa kẹta nìyẹn, obìnrin làwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì, àgbà ń jẹ́ Jemimah, èkejì ń jẹ́ Keziah. Ẹni tó bá ti ka ìwé Jóòbù dé orí 42 ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí Ọlọ́run dá gbogbo nǹkan padà fún Jóòbù, ó bí ọmọbìnrin mẹ́ta, Jemimah, Keziah àti Keren-Happuch. Ọjọ́ ti pẹ́ tá a ti ń sọ ọ́ nínú ilé pé tí obìnrin bá tún dé, orúkọ ẹ̀ ti wà nílẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi wá láti Ìkìrun láti wá máa wẹ ọmọ fún wa (Òkè-Baálẹ̀ l'Òṣogbo níbí là ń gbé), wọ́n bi mí pé kí lẹ fẹ́ sọ ọ́, mo dá wọn lóhùn. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Wọ́n rọra gbé ọmọ sílẹ̀, wọ́n ní "Kẹ̀rẹ̀ kí ni? A-pa-ikú? Ta ló ń pe ikú mọ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lórí nínú ilé yìí?" Mo ní rárá mọ́mì, èdè Hébérù ni, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ìwo tìróò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní ìwo! Ìwo tí wọ́n ń kó àfọ̀ṣẹ sí? Tìróò! Tìróò Jésébẹ́lì? Látìgbà yẹn ẹnu ìyàwó mi ni wọ́n ń gbà bá mi sọ̀rọ̀, "sọ fún ọkọ ẹ kó wá jẹun."

Ọjọ́ Ẹtì yìí la máa kó ọmọ jáde. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yìí túmọ̀ sí gan-an, ṣé òótọ́ ni pé ó burú, àti pé ṣé àwọn èèyàn tiẹ̀ ń jẹ́ ẹ àbí èmi nìkan ni orí mi ti yí?

Ọmọ_Òròkí · 7:58

Ẹ kú ewu ọmọ o bọ̀dá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní, tí Ọlọ́run bá tún fún yín ní obìnrin kẹrin ńkọ́? Torí ẹ̀kẹta ni Jóòbù dé tó dúró o.

Bàbá_Jemimah · 8:03

Máa lọ jàre. Wọ́n ti ń bi mí ní sọ́ọ̀sì, ní ṣọ́ọ̀bù, ìwọ náà tún dé.

Tísà_Àgbà · 9:20

Bàbá Jemimah, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nínú orúkọ yẹn. Keren ni ìwo. Ha, bí ẹní ń sọ pé "náà" ni. Púkh ni tìróò, ohun dúdú tí wọ́n máa ń lọ̀ kúnná tí wọ́n á fi kun ìpénpéjú. Lẹ́tà tó kẹ́yìn yẹn kì í ṣe "ṣ" kì í sì í ṣe "kì", inú ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń jáde, bí àwọn alífáà ṣe ń pe "kh" nínú kéwú. Kéren ha-púkh. Ẹ rí i pé ikú kankan ò sí ńbẹ̀, ẹ bá mi fi mọ́mì lọ́kàn balẹ̀.

Kí wá ni ìwo ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ tìróò? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé láyé ọjọ́un ìwo ẹran ni wọ́n ń rọ ìyẹ̀fun yẹn sí, bí àwọn ìyá wa náà ṣe ń rọ tiwọn sínú ìgò kékeré tó ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ìyẹn ni pé nǹkan ẹ̀ṣọ́ obìnrin ni Jóòbù fi sọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ. Ẹ tún wo àwọn tó kù: àdàbà ni wọ́n máa ń túmọ̀ Jemimah sí, àwọn kan ní ó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ọjọ́ tàbí ojúmọmọ, Keziah sì ni èèpo igi kasia tó ń ta sánsán, tí òórùn ẹ̀ fara jọ ti sínámọ́ọ̀nù. Àdàbà, òórùn dídùn, tìróò. Ọkùnrin tó jókòó sínú eérú tó ń fi àpáàdì họ ara ló padà wá sọ ọmọ lórúkọ báyìí o! Èmi ò tíì rí ibi tí ọkùnrin kan ti fi orúkọ ọmọ sọ fáyé pé ìyà ti tán lára mi tó ju ìyẹn lọ.

Nǹkan kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ ìwé yẹn sí èdè Gíríìkì, kí wọ́n tó bí Jésù, wọn ò kọ tìróò rárá. Ọ̀kan nínú ìtàn ìlú tiwọn ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, wọ́n pè é ní Ìwo Amaltheia, ewúrẹ́ kan tí wọ́n ní ó fún òrìṣà wọn Zeus lọ́mú, tí ohunkóhun téèyàn bá fẹ́ á máa tú jáde látinú ìwo ẹ̀. Ẹ sọ fún mọ́mì pé ìjà lórí orúkọ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Méjì · 9:51

Tísà ẹ ṣeun sà, ẹ̀kọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, mọ́mì ní pọ́íǹtì. 2 Àwọn Ọba 9:30, nígbà tí Jésébẹ́lì gbọ́ pé Jéhù ń bọ̀, kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó kun ojú, ó di irun, ó lọ yọjú lójú fèrèsé. Tí wọ́n bá ka ẹsẹ yẹn sétígbọ̀ọ́ ọmọ yìí nígbà tó bá dàgbà tó wá mọ̀ pé nǹkan yẹn gan-an lorúkọ òun, ṣé á dùn mọ́ ọn? Mi ò kí ń ṣe alágàbàgebè, èmi náà ń kunjú, mo kàn ń sọ bó ṣe rí lójú àgbàlagbà.

Tísà_Àgbà · 10:15

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ní Hébérù, púkh ni Jésébẹ́lì fi kunjú. Ṣùgbọ́n má dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà wà nínú 1 Kíróníkà 29:2, níbi tí Dáfídì ti ń ka àwọn òkúta tó kó jọ fún tẹ́ńpìlì. Ó tún wà nínú Aísáyà 54:11, níbi tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ti ń ṣèlérí fún Jerúsálẹ́mù pé òun á to àwọn òkúta ẹ̀ lọ́nà tó rẹwà. Tí púkh bá jẹ́ ti Jésébẹ́lì nìkan, kí ló ń wá nínú tẹ́ńpìlì?

Ti ìwo tún rọrùn jù. Ìwo òróró ni Sámúẹ́lì fi yan Dáfídì. Hánà bímọ tán ó ní a ti gbé ìwo òun ga nínú Olúwa. Mọ́mì fúnra wọn á ti ṣe àmín sí "Ọlọ́run á gbé ìwo rẹ ga" láìmọye ìgbà, kí wọ́n tó rántí àfọ̀ṣẹ. Kódà ọ̀rọ̀ keren yìí kan náà ni wọ́n yọ ìtànṣán jáde lára ẹ̀. Nígbà tí Mósè sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí ojú ẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ tó bá keren tan ni wọ́n lò, Jerome tó ń túmọ̀ ẹ̀ sí èdè Látìn gbà á bí ìwo gidi, ló fi di pé Michelangelo gbẹ́ ère Mósè tòun ti ìwo méjì lórí, ère yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro in Vincoli ní Róòmù títí dòní. Ẹ rí nǹkan tí ìtumọ̀ ń dá sílẹ̀.

Àlàájà_ỌjàỌba · 11:37

Àsàlámù àlékùm gbogbo ilé. Ọmọ mi kan ló ń ka nǹkan yìí fún mi ní ìsọ̀, èmi ni mo ń sọ ọ́ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà ìyá mi la ti ń ta lààlì àti tìróò l'Ọ́jà Ọba, torí náà kò sẹ́ni tó máa bú tìróò níwájú mi lónìí.

Ẹ gbọ́, àwa Mùsùlùmí, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá wọn, ń lé e. Ithmid ni wọ́n ń pe èyí tó dáa jù nínú ẹ̀ ní lárúbáwá. Àti ọkùnrin àti obìnrin ló ń lé e. Èwo wá ni ti Jésébẹ́lì? Ànábì Ayyúbù tí ẹ̀ ń pè ní Jóòbù yẹn wà nínú Àlùkùránì tiwa náà, sùúrù rẹ̀ la fi ń ṣe àkàwé, wọn ò kàn dárúkọ àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ níbẹ̀ ni. Bí òkúta ló ṣe máa ń wá, dúdú tó ń dán yinrin, a óò gún un, a óò jọ̀ ọ́, a óò tún jọ̀ ọ́ títí á fi kúnná lúbúlúbú. Obìnrin tó bá ti lé tìróò, ojú ẹ̀ á là, ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ọmọ tí wọ́n bá sọ ní tìróò, ojú ẹ̀ ò ní fọ́, ojú ẹ̀ ò ní ṣókùnkùn láyé.

Ẹ sọ fún ìyá ìyàwó yín pé Àlàájà ní kí wọ́n wá gba ìgò kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìkómọ.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 12:20

Ẹ kú ọ̀sán mà, Àlàájà, ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé mi ò tó ẹ̀gbẹ́ yín. Bàbá Jemimah, orúkọ ni kẹ́ ẹ fi sọ ọmọ o, ẹ má fi tìróò gangan sójú ẹ̀ o!! Èyí tó pọ̀ jù nínú tìróò tí wọ́n ń tà, òjé ló wà nínú òkúta yẹn, òjé sì máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé, á máa ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ á nu ojú, á fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń wọlé. Lọ́dún 2011 wọ́n rí ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston l'Ámẹ́ríkà tí òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ ẹ̀, ìgbà tí wọ́n wádìí ẹ̀ dé ìdí, tìróò tí wọ́n rà láti Nàìjíríà níbí ni, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òjé tó wà nínú ẹ̀ lé ní 80 nínú 100. Àìsàn yẹn kì í ṣeé rí lójú, ọmọ á kàn máa falẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, ẹ ẹ̀ ní mọ ohun tó fà á.

Àlàájà_ỌjàỌba · 12:41

Nọ́ọ̀sì, ìyá mi lé e fún mi lọ́jọ́ ìkómọ mi, mo ti lé ní ọgọ́ta, mo sì ń rí owó ọjà mi kà.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́ · 12:49

A dúpẹ́ mà. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ má fi sójú ọmọ ọwọ́ ṣá, ẹ bá mi fi ìyẹn ṣe oore.

Àlàájà_ỌjàỌba · 13:30

Mo ti gbọ́. Ìyá ọmọ ni mo máa fún ní ìgò yẹn, kì í ṣe ọmọ.

Keren_gangan · 15:06

Ẹ yàgò, ẹlẹ́rìí ti dé. Èmi ni mò ń jẹ́ orúkọ yìí, ọmọ ọdún 29 ni mí, Ògo-Olúwa ni mò ń gbé. Ẹ̀kẹta lèmi náà, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ni Jemimah àti Keziah, bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, mi ò tíì pàdé Keren-Happuch kankan tí kì í ṣe ẹ̀kẹta. Títí dòní mo ti pàdé mẹ́ta míì, gbogbo wa la jọ ń rojọ́ kan náà.

Bọ̀dá, orúkọ yẹn dùn, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ìyà fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ní pírámárì mi, Kerenhappuch ni, ó lẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde, ẹni tó kún fọ́ọ̀mù wa sọ ọ́ di Karen Hapuch. Ibì kan tí mo tún ti lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ̀rọ wọn ò gba àmì àárín yẹn, ó gé mi sí Kerenhap. Mo wá ń rìn káàkiri bí ẹni mẹ́ta, ọjọ́ tí mo fẹ́ gba iṣẹ́ wọ́n ní kí n lọ búra ní kóòtù pé gbogbo wọn, èmi náà ni. Mo lọ ṣe àfídáfíìtì, mo san owó, akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ tún wá kọ Kerenhappunch, pẹ̀lú "n" láàárín, bí ẹni pé mo fẹ́ gbá èèyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín.

Nílé Happy ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọkọ mi nílé ọkọ ń pè mí ní Kẹ́rẹ́nì. Kò sẹ́ni tó tíì pè mí ní ìwo rí. Ìmọ̀ràn mi ni pé ẹ kọ ọ́ ní ọ̀nà kan ṣoṣo láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi lẹ́tà gàgàrà kọ ọ́ sórí ìwé kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kún fọ́ọ̀mù fún un kó kọ́kọ́ wo ògiri.

Ìyá_Méjì · 15:19

Kerenhappunch!!! Àǹtí ẹ ti pa mí.

Ará_Òkèòkun · 16:44

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti ibi òtútù. Lórí ìbéèrè pé ṣé wọ́n ń jẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ní Ísírẹ́lì níbi tí èdè yẹn ti wá, Keren nìkan pọ̀ láàárín àwọn obìnrin, akọrin kan wà tó ń jẹ́ Keren Ann, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e lódidi pẹ̀lú Happuch, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Létí wọn, Keren ń dún bí ìtànṣán oòrùn ju bí ìwo lọ. Odidi yẹn, àwọn Kristẹni tó ń ka Bíbélì láti ẹ̀yìn dé iwájú ló máa ń sọ ọmọ ní irú ẹ̀, àwọn ará England àti Amẹ́ríkà àtijọ́, àti àwa báyìí. Keren-Happuch Turner wà l'Ámẹ́ríkà, ìtàn sọ pé ó gun ẹṣin láti Maryland dé North Carolina láti lọ tọ́jú ọmọ ẹ̀ tó ṣèṣe lójú ogun Guilford Courthouse lọ́dún 1781, wọ́n ṣe ère fún un níbẹ̀ ní 1902. Tí ẹ bá fẹ́ kí mọ́mì gbọ́ ti obìnrin tó jẹ́ orúkọ yìí tí kì í ṣe Jésébẹ́lì, ẹ sọ ti ìyẹn fún wọn, ìyá tó gẹṣin torí ọmọ, á wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ sì má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di Karen o. Karen ò bá Keren tan rárá, ara Katherine ni àwọn ará Denmark ti gé e. Níhìn-ín sì rèé, Karen ti di orúkọ tí wọ́n fi ń bú obìnrin tó bá fẹ́ràn kó máa pe máníjà lé èèyàn lórí.

Ọmọ_Òròkí · 17:02

Ti Keziah ńkọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkùnrin Yorùbá kan ti gbé ìyẹn lọ? Keziah Jones onígìtá yẹn, Olúfẹ́mi Ṣànyàolú lorúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ ọmọbìnrin Jóòbù ló fi ń ta gìtá káàkiri Yúróòpù.

Aṣọ_Àdìrẹ · 18:25

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀, mo ní kí n má sọ̀rọ̀, ó ń yún mi lẹ́nu. Kí ló ṣe orúkọ tiwa? Òṣogbo la wà o, Òròkí ìlú aró. Susanne Wenger, òyìnbó ará Austria, fi ìlú ẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó sí Òṣogbo níbí, ó ń ṣe ère sí igbó Ọ̀ṣun títí ó fi kú ní 2009, Àdùnní ni gbogbo wa ń pè é. Igbó yẹn wá di nǹkan tí gbogbo ayé ń dá mọ̀, UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Òyìnbó ń di Àdùnní, ọmọ Òṣogbo ń di Happuch. Ẹ̀gàn kọ́ ni mo ń gàn, mo kàn ń bi yín léèrè, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹwà ojú sọ ọmọ lórúkọ, ṣé Yorùbá ò ní i ni?

Tísà_Àgbà · 18:50

Ìbéèrè tó dáa. Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ ńkọ́? Ohun tí à ń fi ki obìnrin tí ojú ẹ̀ bá rẹwà nìyẹn. Ẹ pè é ní Ẹyinjú, ẹ fi Keren tẹ̀ lé e, orúkọ méjèèjì á máa sọ nǹkan kan náà.

Bàbá_Jemimah · 21:33

Gbogbo yín ẹ ṣeun. Iná ò sí láti ọ̀sán, ìsinsìnyí ni fóònù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba agbára.

Aṣọ Àdìrẹ, mi ò bá yín jà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé wa ló ní orúkọ Yorùbá, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀. Ìdí tí mo fi di orúkọ Jóòbù yìí mú ni pé kí Jemimah tó dé, oyún méjì ló bàjẹ́ fún wa, ọdún kan náà ni ṣọ́ọ̀bù mi jóná pẹ̀lú ọjà tí mo fi gbèsè rà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá kí mi bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe wá kí i, ẹ mọ irú ìkíni yẹn, "wádìí ara ẹ wò, nǹkan kan ti wà." Ìwé yẹn ni mò ń kà lálaalẹ́. Nígbà tí mo ka orí tó kẹ́yìn, nǹkan kan kàn mí lára: àgùntàn 7,000 di 14,000, ràkúnmí 3,000 di 6,000, gbogbo ẹ̀ ló di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ọmọ ò di ìlọ́po méjì, ọkùnrin méje obìnrin mẹ́ta bíi ti tẹ́lẹ̀ ni. Wọn ò sì dárúkọ ìkankan nínú àwọn ọkùnrin méje yẹn. Àwọn ọmọbìnrin nìkan ni wọ́n dárúkọ. Ó sì pín ogún fún wọn láàárín àwọn arákùnrin wọn.

Ẹ wá wò ó, látọjọ́ Ẹtì, nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá kí mi, mẹ́fà á ní "Ọlọ́run á fi ọkùnrin tẹ̀ lé e." Wọn ò tíì jẹ́ kí eléyìí pé ọjọ́ mẹ́jọ. Mo fẹ́ kí orúkọ ẹ̀ fèsì fún wọn kí n tó la ẹnu.

Ìyá_Méjì · 21:47

Háà. Ẹ má bínú bọ̀dá. Ẹ sọ ọ́ ní Keren-Happuch, mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Aṣọ_Àdìrẹ · 21:55

Èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi Ẹyinjú sí i.

Keren_gangan · 22:10

Ẹ tiẹ̀ ti sọ ohun tí bàbá mi ò ráyè sọ fún mi rí. Mo ń bọ̀ ní ìkómọ, ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀.

Àlàájà_ỌjàỌba · Ìṣẹ́gun, 8:12 àárọ̀

Ìyá ìyàwó yín dà? Ṣé wọ́n ti ń bá yín sọ̀rọ̀?

Bàbá_Jemimah · 9:05

Rárá o. Ìyàwó mi ka ti ìyá tó gẹṣin yẹn fún wọn lálẹ́ àná, wọ́n ní "ẹṣin ò sí l'Òkè-Baálẹ̀." Ó ka ti ìwo òróró, wọ́n ní àwọn mọ Bíbélì kí wọ́n tó bí mi.

Bàbá_Jemimah · Àbámẹ́ta, 2:18 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí. A kó ọmọ jáde lánàá. Àlàájà dé lóòótọ́, ìgò tìróò lọ́wọ́, Àǹtí Keren náà dé, Tísà fi kírèètì mìnírà ránṣẹ́, kí Ọlọ́run bá yín dí ibi tí ẹ ti mú un wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní Ọjọ́bọ̀, ìyàwó mi kàn ka ọ̀rọ̀ Àlàájà fún wọn, ti pé a ó gún un a ó jọ̀ ọ́ a ó tún jọ̀ ọ́. Ni wọ́n bá dákẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ ìyá àwọn ní máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá fẹ́ lé e fún àwọn láàárọ̀ ọdún, wọ́n á ní "má ṣẹ́jú, má ṣẹ́jú," àwọn á sì ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ á dúdú, wọ́n á lù àwọn, wọ́n á tún un lé. Wọ́n ń sọ ọ́ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bá èmi fúnra mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní ohun tó bá wù mí, pé àwọn ò ní pe Apakú yẹn lẹ́nu àwọn, oríkì tàwọn ni wọ́n á máa pè é.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di Keren-Happuch Ẹyinjúolúwa Àwẹ̀ró. Ti Àwẹ̀ró yẹn, ìyá ìyàwó mi ló fi sí i, wọ́n sì ti ń kì í látàárọ̀.

Tísà_Àgbà · 2:40

Àwẹ̀ró! À-wẹ̀-ró, ọmọ tí a wẹ̀ tí a tún ró láṣọ. Ọmọ tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bàbá Jemimah, ṣé ẹ rí ohun tí mọ́mì ṣe? Ohun tí Jóòbù ń wí gan-an ni wọ́n fi Yorùbá wí.

Bàbá_Jemimah · 2:44

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Keren_gangan · 2:51

Ìwé ìbí ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbà á? Ṣé ẹ wo sípẹ́lì ẹ̀?

Bàbá_Jemimah · 3:30

A ti kún fọ́ọ̀mù láàárọ̀ àná kí àlejò tó dé, mo kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn ní lẹ́tà gàgàrà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde nínú àpò láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Karen ni wọ́n kọ.

Ará_Òkèòkun · 3:33

Mo sọ ọ́!!!

Bàbá_Jemimah · 3:36

Mò ń padà lọ ní Ajé. Bírò tèmi ni mo máa mú dání.